Legato: Bí Ohùn Ṣe Ń So Mọ́ Ohùn, Láti Orí Dùùrù Ṣọ́ọ̀ṣì Dé Orí Dùndún

  

Olóòtú ní kí n kọ nǹkan nípa orin, nítorí pé èmi ni mo tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ìwé wa ní ọdún méjì tí mo lò kẹ́yìn níbẹ̀. Mo rò ó títí, mo ní n kò ní kọ ìtàn ẹgbẹ́ akọrin, torí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ṣì wà láàárín wa. Ohun kan péré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ nà mí lọ́wọ́ fún odidi táàmù kan. Legato ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ wà níbẹ̀ kò ní í gbàgbé hàmóníọ̀mù yẹn, dùùrù kékeré tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ la fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, tí eku ti jẹ awọ rẹ̀ lápá kan. Olùkọ́ tó ń kọ́ mi (n kò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti lọ sinmi) máa ń dúró ti rúlà sí ẹ̀gbẹ́ mi. Bí mo bá ti gbé ìka kúrò lórí ohùn kan kí n tó tẹ èkejì, rúlà á ti bà mí ní eegun ìka. "Ṣé iyán lò ń gún ni? So ó pọ̀!" Gbogbo akọrin á sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n so ó pọ̀, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó pọ̀ gan-an ni kò sọ. Bí mo ṣe gbà nìyẹn pé nǹkan yìí, òyìnbó ni wọ́n bí i mọ́, pé tiwa kò ju kí á máa lu nǹkan gbà-gbà-gbà lọ. Irọ́ gbáà ni. Ìdí tí mo fi mú kálámù nìyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe mí lóore kan níbi tí ẹ jókòó sí. Ẹ pe "ìwé" jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fetí sí ohùn ara yín. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní àmì ohùn, dò, rè, mí ni wọ́n fi kọ́ wa, bí ẹni pé àtẹ̀gùn onípele mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ gbọ́ ọ? "Wé" yẹn kò fò sórí ìpele kẹta. Ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá pe "rárà". Èyí tó gbẹ̀yìn ń yọ́ wálẹ̀ láti òkè ni, bí ọmọdé tó ń yọ̀ lórí òkúta. Ẹnu wa ti ń so ohùn mọ́ ohùn láti ìgbà tí a ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà bọ̀ sí i.

Legato, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí a so pọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o fi legato kọ orin kan tàbí kí o fi tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín ohùn kan àti èkejì. Bí ọ̀kan bá ṣe ń kú ni èkejì á máa jí. Òdìkejì rẹ̀ ni staccato, tí ohùn á máa já pátì-pátì. Nínú ìwé orin onílà márùn-ún, ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ni àmì rẹ̀. Nínú tonic sol-fa tí wọ́n fi kọ́ àwa, wọ́n máa ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta, pé sílébù kan ṣoṣo ni kí a fi gbogbo wọn kọ. Mélòó nínú wa ló ka ìlà yẹn sí? Àwa rò pé ẹni tó tẹ ìwé ló fẹ́ kó lẹ́wà ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo dàgbà tí mo ń ka ìwé kiri ni pé àwọn òyìnbó gan-an kò fi gbogbo ìgbà ka legato sí òfin. C. P. E. Bach, ará Jámánì, kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń tẹ dùùrù ní 1753. Ó sọ níbẹ̀ pé ohùn tí wọn kò bá fi àmì kankan sí, tí kì í ṣe legato tí kì í sì í ṣe staccato, ìdajì iye rẹ̀ ni kí a dì í mú. Ìdajì! Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ mi, rúlà á ṣẹ́ sí i lára ni. Lóòótọ́, bàbá rẹ̀, J. S. Bach, ti kọ̀wé síwájú àwọn orin ìdánrawò rẹ̀ ní 1723 pé òun fẹ́ kí ọmọ tó ń kọ́ dùùrù lè tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kọrin lẹ́nu. François Couperin ní ilẹ̀ Faransé sì ti fi hàn nínú ìwé tirẹ̀ ní 1716 bí a ṣe ń pààrọ̀ ìka kan sí òmíràn lórí bọ́tìnnì kan náà láì gbé ọwọ́ kúrò. Ọgbọ́n yìí wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ẹni tó yí i padà jù ni Beethoven. Czerny, tó jẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Vienna láti kékeré, sọ lẹ́yìn náà pé legato ni Beethoven tẹnu mọ́ jù fún òun, nígbà tí àwọn yòókù ṣì gbà pé kò ṣeé ṣe lórí píánò. Ó ní Beethoven sọ fún òun pé òun ti gbọ́ Mozart rí, pé ó mọ píánò tẹ̀ púpọ̀, àmọ́ pé ohùn rẹ̀ ń já. Mozart o! Ní 1801 ni Clementi wá tẹ ìwé kan jáde ní London, tó ní bí ẹni tó kọ orin kò bá sọ bó ṣe fẹ́ ẹ, legato ni kí á fi ṣe púpọ̀ rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: òfin tí wọ́n torí rẹ̀ nà mí, kò tíì pé igba ọdún nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí oníkálukú ohun èlò ṣe ń ṣe é, torí pé ibi tí ohùn ti ń já lára ọ̀kan kọ́ ló ti ń já lára èkejì.

Ti dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì ló le jù. Ohùn rẹ̀ kì í rẹlẹ̀, kì í kú, níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n bí ìka bá kúrò, ó tán nìyẹn, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Kò sí ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe láti gbà ọ́ sílẹ̀. Ìka nìkan ló kù. Ìka kẹta á di ohùn mú, ìka kárùn-ún á yọ́ wá gba ipò rẹ̀ láì jẹ́ kí bọ́tìnnì gbéra, kẹta á wá rí àyè lọ síbòmíràn. Lemmens ará Belgium kọ ìwé ẹ̀kọ́ dùùrù kan jáde ní 1862 tó sọ irú nǹkan báyìí di ẹ̀kọ́ gidi, Widor tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká ní Paris sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn tún wà nínú orin ìsìn: bí ohùn òkè bá wáyé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, o ní láti gbé ìka kí ìjọ lè gbọ́ pé méjì ni, ṣùgbọ́n o lè di ti àárín mú kí ilé má baà dá páropáro. Ti hàmóníọ̀mù tún ní wàhálà kan kún un, ẹsẹ̀ ló ń mí fún un. Bí ẹsẹ̀ bá ń ta kìjí, ìka tó dáa jù láyé kò lè so nǹkan kan pọ̀.

Píánò yàtọ̀ pátápátá. Òòlù kékeré ló ń lu okùn rẹ̀, láti ìgbà tí Cristofori ti ṣe é ní Florence ní nǹkan bí 1700, bó bá sì ti lù ú tán ni ohùn ti ń kú lọ. A jẹ́ pé ẹ̀tàn ni legato orí píánò, ẹ̀tàn tó dùn. Wàá fi ohùn tuntun bá ti àtijọ́ ní ìwọ̀n ibi tó ti kú dé, kí etí má baà mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Pẹ́dà ẹsẹ̀ wà láti ṣèrànwọ́, àmọ́ ẹ̀yìn tí o bá ti tẹ ohùn tuntun tán ni wàá pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù nísinsìnyí, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lé pẹ́dà láti "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà" títí dé "Àmín", ìyẹn kì í ṣe legato. Ọbẹ̀ tó dàrú ni.

Lórí fèrè, ahọ́n ni ọ̀tá. Quantz, tó kọ́ ọba Prussia ní fèrè, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1752 irú sílébù tí ahọ́n yóò máa pè nínú fèrè, bíi "ti" àti "di". Nígbà tí o bá fẹ́ so ohùn pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ahọ́n á kàn án, ní ìbẹ̀rẹ̀. Èémí àti ìka ni yóò ṣe ìyókù. Trumpet bá wọn wọ ẹgbẹ́ yìí dáadáa nígbà tí wọ́n gbàwé àṣẹ fún bọ́tìnnì tí a ń fi ìka tẹ̀ lára rẹ̀ ní Jámánì ní 1818. Fela Aníkúlápó-Kútì, tó lọ kọ́ trumpet ní Trinity College of Music ní London ní 1958, kò lè ṣàì jẹ nínú ìyà ahọ́n yìí. Trombone ni ìdààmú tirẹ̀ gbòdì: kò sí bọ́tìnnì, ọ̀pá ló ń fà jáde, tó ń tì wọlé. Bí ahọ́n kò bá fọwọ́ kàn án fẹ́rẹ́, gbogbo ohùn tó wà lójú ọ̀nà ni yóò fà lọ wúù-wúù bí ẹkún ológbò.

Ti I. K. Dáìró ń kọ́? Àkọ́díọ̀nù tó mú wọ orin jùjú, àbúrò hàmóníọ̀mù ni, àyàfi pé apá ló ń mí dípò ẹsẹ̀. Bí apá bá ń fẹ̀ ẹ́, kí ó tó yí padà láti máa pa á dé, ojú ìránṣọ kan wà níbẹ̀ tí òṣèré ní láti wá ibi fi pamọ́ sí. Bákan náà ni ọrun gòjé. Ẹ wo gòjé tí àwọn onísákárà fi ń ṣeré, Abíbù Olúwa láyé ijọ́un àti Yusuf Ọlátúnjí tó kú ní 1978: okùn kan ṣoṣo, irun ẹṣin, ọrun náà irun ẹṣin, awọ tí wọ́n fi bo igbá. Kò sí àmì kankan lára ọ̀pá rẹ̀ tó ń sọ fún ìka pé ibí ni kí o dúró sí. Ìka ń yọ́ lọ, ó ń yọ́ bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ohùn tó ń kọrin náà ti ń yọ́. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa pe gòjé ní violin àwọn tí kò ríṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn lóhùn fún mi.

Ó wá kan dùndún.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì wa, ọmọ ilé Àyàn ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò mọ ẹni tí mo ń wí. Wọn kò gbà kí ó gbé ìlù dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítorí wọ́n ní ti òrìṣà ni. Ilé-ìwé wa nìkan kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ni láti ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 1891 làwọn kan ti yapa ní Èkó láti dá United Native African Church sílẹ̀ kí aláwọ̀ dúdú lè máa darí ìsìn fúnra rẹ̀, tí àwọn ìjọ Aládùúrà náà sì gba ìlù àti àtẹ́wọ́ láàyè lẹ́yìn náà. Ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó lẹ́yìn, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń jẹ rúlà. Ní ìsinmi Kérésìmesì, mo bá a lọ sílé wọn. Ó gbé ìyáàlù kọ́ mi léjìká, ó fi ọ̀pá sí mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ òsì mi lé ọṣán, àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀.

Ó ní, "Sọ 'ìwé'."

Mo lù ú nísàlẹ̀, mo wá fún ọṣán pinpin, mo tún lù ú lókè. Ohun tó jáde ni dò, mí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Èkejì yẹn, má dúró dìgbà tó bá le. Lù ú nísàlẹ̀ níbẹ̀, kó o wá fún un."

Mo ṣe é. Mo lù ú nígbà tí ọṣán ṣì dẹ̀, mo fún un nígbà tí ohùn ṣì wà láyè, ohùn náà sì gun òkè fúnra rẹ̀. "Wé." Ó sọ̀rọ̀! Ẹ̀yin ará, orí mi wú. Ọ̀pá ló ń bẹ̀rẹ̀ ohùn, ọwọ́ òsì ló ń gbé e lọ síbi tó ń lọ. Bàtá kò lè ṣe èyí bí dùndún ṣe ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe bàtá ní akólòlò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa já, ẹni tó gbọ́ ẹnà rẹ̀ ló lè túmọ̀ rẹ̀. Dùndún ní tirẹ̀, ohun èlò tí wọ́n dìídì ṣe láti so ohùn mọ́ ohùn ni. Àlàfo tí òyìnbó ń fi ìka, ahọ́n àti pẹ́dà bò mọ́lẹ̀, dùndún kò ní in.

Nígbà tí a wọlé padà, mo jókòó sídìí hàmóníọ̀mù, mo tẹ ohùn kìíní, mo sì ṣe bí ẹni pé ọṣán ni mo fún: n kò jẹ́ kí ó lọ títí èkejì fi dé. Olùkọ́ mi wò mí. Kò yìn mí. Ó gbé rúlà sórí tábìlì, ó sì lọ jókòó.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ìka mi lọ. Orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, orí orin òyìnbó ni wọ́n gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lé. Bí orin bá gun òkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, "ìgbà" á di "igbá", ọkọ̀ á di ọkọ́, ìjọ á sì máa kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní lọ́kàn tìfẹ́tìfẹ́. Bí o bá sì tẹ̀ ẹ́ ní legato tó dán, àṣìṣe náà ló ń dán. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a dàgbà sínú rẹ̀, etí wa sì ti kú sí i.

Ẹni tó kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ó kàwé ní Trinity College of Music láti 1911 sí 1914, ó sì padà wá di olórí dùùrù ní Christ Church, tó wá di Cathedral Church of Christ, ní Marina l'Ékòó. Ibẹ̀ ló wà títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953, ohun tó sì ń jà fún níbẹ̀ ni pé orin Yorùbá àti ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọmọ ìyá ni wọ́n, a kò gbọdọ̀ yà wọ́n. Ẹni tó bá ń kọ orin lọ́nà yìí yóò rí i pé ìlà kékeré abẹ́ sọ́fà yẹn ti di ohun pàtàkì, torí pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yọ́, ohùn méjì lórí sílébù kan ló lè gbé e.

Lára àwọn ọmọ tó kọrin lábẹ́ Phillips ni Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905. Ó gba oyè FRCO, tó ga jù fún olórí dùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943, ó sì tẹ dùùrù fún West London Mission ní Kingsway Hall. Ọkùnrin yìí ń tẹ jazz lálẹ́, ó ń tẹ orin ìsìn láàárọ̀ Sunday. Nígbà tó kọ African Suite ní 1944, àwọn ohun èlò olókùn tí wọ́n ń fi ọrun fà ló kọ ọ́ fún. Lójú tèmi, ó mọ ohun tó ń ṣe: ìka tó wà lórí violin lè yọ́ bí ti onígòjé. Ó sì tún mú orin ilẹ̀ wa, Oyígíyigì, sórí dùùrù ńlá, níbi tí ohun gbogbo kò ti lè yọ́, tí ìka nìkan ní láti ṣe gbogbo ẹ̀tàn yẹn.

Ẹ má rò pé mo ní kí gbogbo nǹkan máa yọ́ o. Akin Euba (1935–2020), tó kọ ìwé ńlá lórí dùndún ní 1990, ló tún kọ́ wa pé píánò lè di ẹbí ìlù, kí a lò ó bí ohun tí a ń lù. Bàtá náà ní iyì tirẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ọmọ má mọ̀ pé méjèèjì wà, kó wá máa ti orí àìmọ̀ yan ọ̀kan.

Ẹ tún gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Juju Music tí King Sunny Adé ṣe ní 1982. Gìtá kan wà níbẹ̀ tó ń sunkún, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ bíi tábìlì, tí irin ń yọ́ lórí okùn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ pẹ́dà tó ń fa okùn le. Dẹmọ́lá Adépọ̀jù ló máa ń ta á fún Sunny Adé, òun náà ló sì ta á fún Paul Simon nínú Graceland ní 1986. Amẹ́ríkà ni gìtá yẹn ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: ó ń fún okùn le lẹ́yìn tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀. Ta ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí?

Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù fún ilé-ìwé láti fi dípò hàmóníọ̀mù. Ó dára, mo ti san tèmi. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan sábà máa ń wà lápá òsì irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀, tí a fi ń gbé ohùn gòkè tàbí kí a fi rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò fi han àwọn ọmọ náà, ọṣán ni. Ẹ sì ra dùndún méjì kún un, torí wọ́n ti ń lu ìlù nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn báyìí, ìlù òyìnbó ni, gbà-gbà-gbà. Ọ̀rẹ́ mi kò sí láyé mọ́, àmọ́ ọmọ rẹ̀ tó jogún ìlù ti sọ fún mi pé òun yóò máa wá kọ́ wọn ní ọ̀sán Saturday, bí a bá lè san owó ọkọ̀ òun. Mo ti fún un ní ti oṣù kìíní. Ti oṣù kejì wà lọ́wọ́ yín.